Ọ̀rọ̀ Amẹ́ríkà Nínú Ọkọ̀ Bàbá

Èmi ni mo máa ń bá Bàbá di fóònù rẹ̀ mú. Iṣẹ́ tí wọ́n fún mi nínú ọkọ̀ nìyẹn, ẹnikẹ́ni ò sì bi mí bóyá mo fẹ́ ẹ. Ohun tí wọ́n fi ń gbé fóònù kọ́ síwájú ọkọ̀ ti kán, ọlọ́pàá Kánádà níbí kì í sì í bá awakọ̀ tó bá fọwọ́ mú fóònù ṣeré. Bàbá wá ní kí èmi tí mo kéré jù máa jókòó síwájú, kí n máa gbé fóònù náà sókè lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí òun. Ẹ̀gbọ́n àti Àǹtí wà lẹ́yìn. Àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin là ń gbéra láti Rexdale láràárọ̀, tí à ń lọ sí ilé ìkẹ́rùsí kan ní Bramalea, níbi tí a ti ń di ẹrù sínú páálí.

Kò sí ìkankan nínú wọn tó bá mi tan. Ilé gíga kan náà là ń gbé, ọkọ̀ Bàbá ló sì kó wa pọ̀. Bàbá ti lé ní ọgọ́ta ọdún. Ọ̀gá ilé ìwé ni n'Ìbàdàn kí àwọn ọmọ rẹ̀ tó ránṣẹ́ pè é wá, títí di òní ló sì ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó dúró níwájú àwọn ọmọ ilé ìwé láàárọ̀. Ẹ̀gbọ́n ní dìgírì méjì, ọ̀kan láti Èkó, ọ̀kan láti ibí, síbẹ̀ páálí kan náà là ń jọ dì. Àǹtí ló ń dúró tì mí nídìí tábìlì níbi iṣẹ́. Ọmọ mẹ́ta ló bí. Tó bá bá wọn sọ Yorùbá, òyìnbó ni wọ́n fi ń dá a lóhùn. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé inú ọkọ̀ ló ti ń tú gbogbo Yorùbá tó bá ti kó jọ sínú láti àná jáde.

Èmi kì í sọ̀rọ̀. Ìwé mẹ́fà ni mo kà. Tí èèyàn bá ti wò mí lójú, ọ̀rọ̀ á sá padà sí ọ̀fun mi. Nínú ọkọ̀ yẹn, "ẹ káàárọ̀ sà," "ẹ káàárọ̀ mà," "àmín" àti "ẹ ṣeun sà" ni gbogbo ohun tí mo máa ń sọ, ó sì tó mi.

Oúnjẹ àárọ̀ wa ni ọ̀rọ̀ Amẹ́ríkà. Tí Bàbá bá ti gbàdúrà tán, tí mo ti ṣe àmín, á ní kí n tẹ ọkùnrin wa. Ọkùnrin wa ni sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ ará Amẹ́ríkà kan tí kì í rẹ́rìn-ín, tó máa ń pariwo bí ẹni tí wọ́n jí ewúrẹ́ rẹ̀ gbé. Ẹ̀yìn ààrẹ wọn ló wà, ẹ̀yìn ààrẹ náà sì ni Bàbá wà. Ẹni tó bá gbọ́ Bàbá á rò pé òun àti ààrẹ jọ mu ọmú kan náà ni. Ẹ̀gbọ́n ní tirẹ̀ ò fẹ́ gbọ́ orúkọ ààrẹ náà sétí. Òun náà ní obìnrin kan tó máa ń gbọ́, ọ̀kan tó máa ń rẹ́rìn-ín músẹ́ tó bá ń bú èèyàn. Kí ìjà má baà pọ̀ jù, wọ́n ti pín in láàárín ara wọn: ti Bàbá ni àlọ, ti Ẹ̀gbọ́n ni àbọ̀. Èmi ni mò ń di fóònù mú ní àlọ àti ní àbọ̀. Tí ọwọ́ ọ̀tún bá ro mí, màá gbé e sí òsì.

Kò sóhun tí wọn ò jiyàn lé lórí. Wọ́n jiyàn lórí ìwé tí wọ́n kó kúrò ní ilé ìkàwé àwọn ọmọdé lọ́hùn-ún, lórí bóyá kí wọ́n máa gbàdúrà ní ilé ìwé, lórí ẹni tó yẹ kó wọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ọkùnrin àti ẹni tó yẹ kó wọ ti obìnrin. Bàbá ní ayé ti bàjẹ́, pé Ọlọ́run dá akọ, ó dá abo, ó sì parí iṣẹ́. Ẹ̀gbọ́n ní àwọn tó ń pariwo ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kàn fẹ́ kí tálákà gbàgbé ohun tí ilé ìwòsàn ń gbà lọ́wọ́ rẹ̀ ni. Ọ̀rọ̀ yẹn wọ ọjọ́ kẹta. Lọ́jọ́ kẹta náà, Àǹtí yọ orí síwájú láàárín wọn.

"Èèyàn méje ló ń lo ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kan nílé mi," ó ní. "Ẹni tó bá kọ́kọ́ jí ló ni ín. Ẹ bá mi sọ ìyẹn fún ààrẹ yín."

Bàbá fúnra rẹ̀ rẹ́rìn-ín títí tó fi kọjá ibi tó yẹ kó ti yà.

Nígbà kan tí wọn ò kó ìdọ̀tí nídìí ilé wa fún ọ̀sẹ̀ méjì, Àǹtí béèrè lọ́wọ́ àwọn ọkùnrin méjèèjì pé ta ló ń ṣojú àdúgbò wa nínú ìgbìmọ̀ ìlú, kí òun lè pè é. Àwọn tó mọ orúkọ gómìnà Amẹ́ríkà lóríṣiríṣi ò mọ orúkọ rẹ̀. Bàbá ní ọ̀rọ̀ kékeré nìyẹn. Àǹtí ní òórùn rẹ̀ ò kéré.

Mi ò dá sí ìkankan, ṣùgbọ́n mò ń gbọ́. Púpọ̀ nínú òyìnbó tí mo gbọ́ lónìí, ẹnu sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ méjèèjì yẹn ni mo ti kọ́ ọ. Mo sì ṣàkíyèsí nǹkan kan tí mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ìyẹn tó ń pariwo àti ìyẹn tó ń rẹ́rìn-ín músẹ́, àwọn méjèèjì máa ń kọ́kọ́ sọ ẹni tó yẹ ká bínú sí, kí wọ́n tó sọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Nígbà mìíràn wọn kì í tiẹ̀ dé orí ohun tó ṣẹlẹ̀ rárá.

Nǹkan kan wà tí àwọn mẹ́ta yìí ò mọ̀ nípa mi. Wọ́n rò pé ìbátan mi kan ló mú mi wá sí Kánádà. Èmi ni mo jẹ́ kí wọ́n rò bẹ́ẹ̀. Ìyàwó olówó kan ló mú mi kúrò l'Ékòó lọ sí Amẹ́ríkà pé kí n máa bá òun tọ́jú ọmọ, pé òun á fi mí sí ilé ìwé. Ọdún méjì ni mo lò lọ́dọ̀ rẹ̀, mi ò dé ẹnu ọ̀nà ilé ìwé. Ọwọ́ rẹ̀ ni pásípọ́ọ̀tù mi wà. Tí ọmọ bá sunkún, èmi ni mo ṣẹ̀. Tí àwo bá fọ́, tí ọkọ rẹ̀ bá pẹ́ kó tó wọlé, èmi náà ni. Màá kúnlẹ̀, màá ní ẹ má bínú mà, màá sì wà lórí ìkúnlẹ̀ títí dìgbà tó bá wù ú kó ní kí n dìde.

Lọ́jọ́ tó gbàgbé kọ́kọ́rọ́ sára àpótí rẹ̀, mo mú pásípọ́ọ̀tù mi, mo bá ẹsẹ̀ mi sọ̀rọ̀. Obìnrin ará Haiti kan tí a máa ń pàdé níbi ìfọṣọ ló mọ ọ̀nà. Bọ́ọ̀sì gbé wa dé ibi tó lè dé, a fi ẹsẹ̀ rin ìyókù nínú yìnyín, láàárín igi, títí a fi rí ọlọ́pàá Kánádà lódì kejì. Wọ́n sọ fún wa pé tí a bá kọjá ibi tí a dúró sí, àwọn á mú wa. A kọjá. Wọ́n mú wa. Ọ̀kan lára wọn bá mi gbé àpò mi.

Mo ní kí wọ́n fún mi ní ààbò, láti ìgbà náà ni mo sì ti ń retí ọjọ́ ìgbẹ́jọ́. Wọ́n fún mi ní ìwé àṣẹ pé kí n máa ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n wọn ò tíì sọ bóyá kí n dúró tàbí kí n lọ. Rẹfují ni wọ́n ń pe irú wa. Mi ò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni nínú ilé wa, torí mo ti gbọ́ bí àwọn èèyàn wa ṣe ń pe ọ̀rọ̀ yẹn, bí ẹni tó ń tu nǹkan kíkorò jáde lẹ́nu.

Àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan ni, yìnyín ti bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Ọ̀rọ̀ àwọn tó ń kọjá ààlà ni ọkùnrin wa gbé jáde. Fídíò wọn ń lọ lójú fóònù bó ṣe ń sọ̀rọ̀: obìnrin kan tó pọn ọmọ, ọkùnrin kan tó gbé àpò lérí. Kò sọ ibi tí wọ́n ti ń bọ̀, kò sọ ohun tó lé wọn kúrò nílé. Ó ní ọ̀daràn ni wọ́n, pé wọ́n ń bọ̀ wá jẹ ohun tí wọn ò gbìn. Bàbá ní òótọ́ ọ̀rọ̀ ni. Ó ní kí Kánádà náà ṣe bíi ti Amẹ́ríkà, kí wọ́n kó gbogbo wọn sínú bàálù, torí ẹni tó bá gba ojú fèrèsé wọlé, olè ni.

Mo dúró kí Ẹ̀gbọ́n dá a lóhùn. Mo ń retí rẹ̀ gan-an. Láti oṣù mẹ́fà tí mo ti ń wọ ọkọ̀ yẹn, Bàbá ò tíì sọ ohun kan rí kí Ẹ̀gbọ́n má dá a padà sí i lẹ́nu. A kọjá iná tó ń darí ọkọ̀ kan, a kọjá èkejì.

"Lórí eléyìí, Bàbá," Ẹ̀gbọ́n ní, "ẹ̀yin lẹ jàre."

Bàbá kọ́kọ́ rò pé ó ń fi òun ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ̀gbọ́n ní rárá o. Ó ní òun ta ilẹ̀ tí bàbá òun fi sílẹ̀ fún òun, òun jókòó ṣe ìdánwò òyìnbó lẹ́ẹ̀mejì bí ẹni tí kò gbọ́ òyìnbó rí, òun sì dúró ọdún mẹ́ta kí wọ́n tó ṣí ilẹ̀kùn fún òun. Ó ní àwọn rẹfují wọ̀nyí kàn gba ẹ̀yìnkùlé wọlé ni, wọ́n ń ba gbogbo wa lórúkọ jẹ́, òyìnbó ò sì mọ̀ wá yàtọ̀ sí ara wa. Inú Bàbá dùn débi pé ó na ọwọ́ kan sẹ́yìn kí Ẹ̀gbọ́n bọ̀ ọ́. Àǹtí ní kó fi ọwọ́ méjèèjì wa ọkọ̀, pé àwọn ọmọ òun ń retí òun nílé. Gbogbo wọn ń rẹ́rìn-ín. Ọkùnrin inú fóònù ò sì dákẹ́.

Mo gbé fóònù wálẹ̀.

"Gbé e sókè," Bàbá wí. "Mi ò gbọ́."

Mo tẹ̀ ẹ́, ohùn ọkùnrin náà gé. Mo dojú fóònù dé orí itan mi. 

"Bàbá, èmi náà wà lára wọn."

"Lára àwọn wo?"

"Àwọn tí ẹ ní kí wọ́n kó sínú bàálù. Rẹfují ni mí. Ẹsẹ̀ ni mo fi rìn wọ Kánádà láti Amẹ́ríkà."

Ọkọ̀ ń lọ. Ẹ̀gbọ́n yọ orí síwájú. "Àbúrò mi, ìwọ kọ́ là ń bá wí."

"Èmi ni," mo ní. Mi ò bojú wẹ̀yìn, torí mo mọ̀ pé tí mo bá rí ojú rẹ̀, màá dákẹ́. "Èmi ni ọkùnrin yìí ń bú, èmi náà ni mò ń gbé e sókè kó lè bú mi kó dùn mọ́ yín létí. Láti ọjọ́ tí mo ti wọ ọkọ̀ yìí, ẹ̀yin méjèèjì ò fẹnu kò rí, àfi lórí pé kí wọ́n lé mi lọ."

"Ṣé èmi lò ń bá sọ̀rọ̀ báyẹn?" Bàbá béèrè.

"Ẹ̀yin ni sà."

"Sà" yẹn jáde fúnra rẹ̀. Bàbá na ọwọ́, ó gba fóònù rẹ̀ lórí itan mi, ó fi í sí àpò ẹ̀wù rẹ̀. 

Níbi iṣẹ́, èmi àti Àǹtí dúró nídìí tábìlì wa. Ó ń di páálí tirẹ̀, mò ń di tèmi. Ìgbà tí wọ́n ní ká lọ sinmi ló tó wá jókòó tì mí, mo sì mọ̀ pé wọ́n rán an ni. Ó ní Bàbá ò bínú sí ọ̀nà tí mo gbà wọlé, pé ìyẹn wà láàárín èmi àti ìjọba. Ohun tó dun Bàbá ni pé ọmọ tí òun ń gbé lọ gbé bọ̀ pa fóònù mọ́ òun létí, ó sì gbó òun lẹ́nu níwájú èèyàn. Lọ́la, kí n tó wọ ọkọ̀, kí n kúnlẹ̀, kí n ní ẹ má bínú. Tí mi ò bá ṣe é, kí n wá ọ̀nà mìíràn débi iṣẹ́.

Ọ̀nà mìíràn ò sí, Bàbá sì mọ̀. Bọ́ọ̀sì méjì ni èèyàn máa wọ̀ láti Rexdale, èyí tó sì kọ́kọ́ ń gbéra láàárọ̀ kì í bá iṣẹ́ àárọ̀ níbẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá pẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta, àwọn tó gbà wá síṣẹ́ á yọ orúkọ rẹ̀. Lọ́yà mi sì ti sọ pé lẹ́tà láti ibi iṣẹ́ wà lára ohun tí a máa kó lọ síbi ìgbẹ́jọ́. Ìjókòó kan péré nínú ọkọ̀ ni, ṣùgbọ́n orí rẹ̀ ni iṣẹ́ mi wà.

Àǹtí rí i pé mò ń rò ó. "Èèyàn kì í jàre níwájú àgbà," ó ní. "Kúnlẹ̀, kó tán. Orúnkún ẹ ò ní ṣẹ́."

Mo bi í pé kí ni kí n sọ pé mo ṣẹ̀.

"Ta ló ń dárúkọ ẹ̀ṣẹ̀? Ẹ má bínú, ẹ má bínú ni."

Ó tún bá mi wí pé kí ló dé tí mo fi ẹnu ara mi tú àṣírí ara mi, pé kó tó di ìrọ̀lẹ́ gbogbo ilé á ti gbọ́. Mo ní kí wọ́n gbọ́. Ó wò mí bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí mi. Ó mi orí, ó bu míìtì páì ọwọ́ rẹ̀ sí méjì, ó fún mi lápá kan. Inú ọkọ̀ Bàbá náà ni mo bá wọn padà sílé nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn. Ẹ̀yìn ni mo jókòó sí. Ẹ̀gbọ́n ò gbọ́ obìnrin inú fóònù rẹ̀.

Mo rò ó dáadáa. Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé mo kàn ya alágídí ni. Bàbá kì í ṣe èèyàn burúkú. Nígbà tí òtútù ń pa mí ní oṣù àkọ́kọ́, òun ló fún mi ní bàtà ọmọ rẹ̀ obìnrin, kò sì gba kọ́bọ̀. Tó bá jẹ́ pé mo bú u ni, ǹ bá ti dọ̀bálẹ̀ bí ọkùnrin pàápàá. Ṣùgbọ́n mo ti kúnlẹ̀ fún ọdún méjì nílé ẹlòmíì lórí ohun tí mi ò ṣe. Mo mọ bó ṣe máa ń rí: lọ́jọ́ kìíní, èèyàn á mọ̀ pé òun ò jẹ̀bi, tó bá tó oṣù mẹ́fà, kò ní dá a lójú mọ́. Mi ò fi ẹsẹ̀ rìn kúrò lọ́hùn-ún láti wá bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ níbí.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Bàbá ń ha yìnyín kúrò lójú gíláàsì ọkọ̀ nígbà tí mo dé ibi tí wọ́n ń gbé ọkọ̀ sí. Ẹ̀gbọ́n àti Àǹtí ti jókòó sínú. Mo kúnlẹ̀ bí mo ṣe máa ń kúnlẹ̀, orúnkún mi kan ilẹ̀ tútù.

"Ẹ káàárọ̀ sà. Ẹ kú òtútù."

"Káàárọ̀," ó ní. Ó dá ọwọ́ dúró. Ó ń retí.

Mo dìde. Mo gbọn yìnyín kúrò ní orúnkún mi.

"Ṣé ìyẹn náà ni?"

"Òun náà ni sà. Mo kí yín torí pé àgbà ni yín. Ẹ̀bẹ̀ ò sí níbẹ̀, torí mi ò ṣẹ̀ yín."

Àǹtí ti sọ fèrèsé kalẹ̀, ó ń fi ojú bẹ̀ mí. Ẹ̀gbọ́n ń wo bàtà rẹ̀. Bàbá tún yíjú sí gíláàsì, ó ń ha á. Ọ̀rọ̀ tó wá jáde lẹ́nu rẹ̀ ni, "Bramalea jìnnà o."

"Mo mọ̀ sà."

Mo gba ibi tí bọ́ọ̀sì ń dúró sí lọ. Ọkọ̀ wọn kọjá lára mi níbẹ̀, ó rọra ń lọ bí ẹni pé ó fẹ́ dúró. Mi ò gbé ọwọ́ sókè.

Mo pẹ́ lọ́jọ́ yẹn, wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé mo ti pẹ́ lẹ́ẹ̀kan. Mi ò lọ sídìí tábìlì. Mo lọ bá ọ̀gá wa, obìnrin ará Íńdíà kan tó ń ti àdúgbò Springdale wá. Mi ò bá a sọ̀rọ̀ rí ju kí n mi orí lọ. Mo ní kó gbé mi lọ sí iṣẹ́ ọ̀sán, torí bọ́ọ̀sì á bá mi débẹ̀ lásìkò. Òyìnbó mi fọ́ sí wẹ́wẹ́, mo sì ń ṣà á ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó ní ọ̀pọ̀ èèyàn ò fẹ́ iṣẹ́ ọ̀sán. Mo ní èmi fẹ́ ẹ, ó sì kọ orúkọ mi sí i. Ó ti fẹ́ padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀ nígbà tí mo tún sọ pé mo nílò lẹ́tà, pé rẹfují ni mí, pé ilé ẹjọ́ máa béèrè rẹ̀. Ó bi mí ní ìgbà wo ni mo fẹ́ ẹ. Mo ní kó tó di ọjọ́ Ẹtì.

Bí Àǹtí ṣe wí náà ló rí, gbogbo ilé gbọ́. Àwọn kan yí ohùn padà sí mi. Ìyá kan tó máa ń fún mi ní ata tó bá ra púpọ̀ ò fún mi mọ́. Tí mo bá pàdé Bàbá, màá kúnlẹ̀, màá kí i, á dáhùn, oníkálukú á bá ọ̀nà tirẹ̀ lọ. Àǹtí sọ fún mi lórí fóònù pé iyàn ò dán mọ́rán mọ́ nínú ọkọ̀, pé bí Ẹ̀gbọ́n bá ti lanu, Bàbá á ní ó ti tó.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo wà nínú lífítì tó ń gbé wa lọ sókè nínú ilé. Obìnrin kan tí mi ò bá sọ̀rọ̀ rí, ọ̀kan lára àwọn tiwa, sún mọ́ mi. Àwọn méjì mìíràn wà níbẹ̀ pẹ̀lú wa, ọmọ Nàìjíríà ni wọ́n. Ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀ débi pé mo ní láti tẹ orí kí n tó gbọ́. Ó bi mí pé lọ́yà wo ni mò ń lò fún ọ̀rọ̀ rẹfují mi.

Mo sọ ibi tí lọ́yà náà wà fún un, àti bọ́ọ̀sì tó máa wọ̀. Mo sọ ọ́ jáde ketekete, gbogbo lífítì gbọ́.